Sáfà tí àwa márùn-ún jọ ń lò tún ti kún: ṣé dísíìkì la máa rà, àbí ká pín ààyè?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́díìtì fíìmù ni mo wà n'Íbàdàn. Àwa márùn-ún là ń ṣe ẹ́díìtì, sáfà kan ṣoṣo (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo wa) la sì jọ ń lò. Dísíìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 TB, RAID 5 (tó so wọ́n pọ̀ bí ẹyọ kan), Ubuntu, ext4 (ọ̀nà tó fi ń to fáìlì sórí dísíìkì). Samba, ètò tó ń pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, la fi ń wọlé sí i, àwọn kan láti orí Windows, àwọn kan láti orí Mac. Orúkọ kan náà àti password kan náà ni gbogbo wa ń lò, bí ẹni tó tò ó ṣe fi í sílẹ̀ lọ nìyẹn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o báyìí, torí pé mo mọ Linux díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà ńlẹ̀. Àkọ́kọ́, sáfà yìí kì í pẹ́ kún. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ń render (kí ẹ̀rọ máa ṣe fídíò ìkẹyìn jáde) iṣẹ́ tí oníbàárà ń retí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kó parí ló bá já: “No space left on device”. Ìjà dé. Olúkúlùkù ní fódà tòun kọ́ ló tóbi. Mo wá pa fáìlì iṣẹ́ àtijọ́ kan tó tó 600 GB rẹ́, mo tún wo `df -h`, àṣẹ tó ń sọ ààyè tó kù, bó ṣe wà náà ló wà, kò dín.

Èkejì, bí ẹnì kan bá ti ń kó fídíò láti inú káàdì kámẹ́rà sórí sáfà, tàwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, wọn ò ní lè wo ohun tí wọ́n ń gé.

Ọ̀gá ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta dísíìkì tuntun. Kí wọ́n tó náwó, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà wà tí a fi lè pín ohun tó wà ńlẹ̀, kí iṣẹ́ ẹnì kan má máa ṣèdíwọ́ fún tẹlòmíì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Alátùnṣe Àkúrẹ́

Ẹ ra dísíìkì, àbúrò. Fídíò ò ní ṣàì tóbi, 4K ni gbogbo ayé ń yà báyìí. Kí ẹ sì máa kéde ní ìparí oṣù pé kí kálukú kó ohun tí kò lò mọ́ kúrò. Ohun tí àwa ń ṣe nìyẹn.

Màmá Sáfà, Ifẹ̀

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Màá fi sùúrù kọ èyí, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ yìí lé lọ́wọ́ láìṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún un. Sáfà ìwádìí ní yunifásítì kan ni mo ń tọ́jú. Tọ̀sán-tòru ni akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ń da nǹkan sí i, mo sì ti rí i pé ìkéde ìparí oṣù kì í yanjú rẹ̀. Alátùnṣe, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó gbọ́ràn ni yóò kó tirẹ̀ kúrò, ẹni tí kò gbọ́ ni yóò sì gba ààyè náà. Tó bá di oṣù tó tẹ̀lé e, ẹni tó gbọ́ràn náà ò ní gbọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí ààyè yín wọlẹ̀ sí. 24 TB ló yẹ kí ẹ rí lò lórí dísíìkì mẹ́rin yẹn, torí RAID 5 ń fi ìwọ̀n dísíìkì kan pamọ́ fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́. `df -h` á pè é ní nǹkan bíi 22T, nítorí 1024 lòun fi ń ka ìlọ́po, àwọn tó ta dísíìkì sì ń fi 1000 kà. Ìyẹn ò sọnù. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: bí wọ́n bá ṣe ext4 láìsọ nǹkan kan pàtó fún un, á ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root, ọ̀gá àgbà lórí ẹ̀rọ, nìkan. Ìdí rẹ̀ dára lórí dísíìkì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbé: báwọn èèyàn bá da nǹkan kún un dé ẹnu, root á ṣì ráyè kọ log rẹ̀, ẹ̀yin náà á ṣì ráyè wọlé tún un ṣe. Lórí dísíìkì tó jẹ́ kìkì fídíò, 1.2 TB ni ìdá 5 yẹn jẹ́ nínú 24 TB. Ẹ wò ó báyìí:

`sudo tune2fs -l /dev/md0 | grep -i reserved`

Bí ẹ bá fi `sudo tune2fs -m 1 /dev/md0` dín in kù sí ìdá 1, nǹkan bíi 960 GB máa padà sọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ má sọ ọ́ di òdo o. Bí ext4 bá kún bámúbámú, ó máa ń já fáìlì sí wẹ́wẹ́ káàkiri dísíìkì, fídíò kì í sì í fẹ́ irú ìyẹn.

Ti 600 GB tó pòórá, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ètò kan ṣì ṣí fáìlì náà. Lórí Linux, orúkọ fáìlì ni `rm` ń yọ kúrò nínú fódà. Níwọ̀n ìgbà tí ètò kan bá ṣì dì í mú, ààyè rẹ̀ ò ní tú sílẹ̀, `du`, àṣẹ tó ń ka ìwọ̀n fódà, kò sì ní kà á mọ́ torí kò lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tí `du` ń sọ kì í fi í bá ti `df` mu. `sudo lsof +L1` á to irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde, pẹ̀lú ètò tó dì wọ́n mú.

Èkejì, ó lè jẹ́ Samba. Ẹ ṣí `/etc/samba/smb.conf`, kí ẹ wò bóyá ẹ ó rí `vfs objects = recycle`. Bó bá wà níbẹ̀, fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ láti orí Windows tàbí Mac kì í lọ rárá. Inú fódà kan tó ń jẹ́ `.recycle` ló ń kó sí, dọ́ọ̀tì tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ rí i.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo ibi tó wúwo jù:

`sudo du -xh --max-depth=2 /srv | sort -h | tail -30`

Ẹ fi èsì rẹ̀ síbí ká tó sọ̀rọ̀ ìpín. Kí ẹ sì sọ fún mi bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe yára tó, àti irú fídíò tí ẹ ń gé lórí rẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. `lsof +L1` kò mú nǹkan kan wá. `.recycle` ni! 600 GB mi wà níbẹ̀ digbí, pẹ̀lú àwọn nǹkan ọdún 2021 tí kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́. Ìdá 5 náà rí bí ẹ ṣe wí, mo ti dín in kù. Ohun tí `du` sọ nìyí, mo ti yọ àwọn àròpọ̀ àtàwọn tó kéré kúrò:

```
1.1T  /srv/ise/ipolowo
1.6T  /srv/ise/fiimu-B
2.2T  /srv/cache
4.2T  /srv/.recycle
4.3T  /srv/ise/pari
7.1T  /srv/ise/fiimu-A
```

Switch wa jẹ́ 1 gigabit. ProRes 422 HQ, irú fídíò tó wúwo, la ń gé, 4K, 25 fps (àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá). Àwọn méjì ló ń ṣe fiimu-A, orí sáfà gan-an ni wọ́n ti ń gé e.

Màmá Sáfà, Ifẹ̀

Ẹ ti rí 4.2T láìná kọ́bọ̀ nìyẹn, yàtọ̀ sí ti root. Kí ẹ tó nu `.recycle`, ẹ sọ fún gbogbo ilé, ẹ fún wọn láyè ọ̀sẹ̀ kan láti wá ohun tí wọ́n bá fẹ́ yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi èyí sínú cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lásìkò tí ẹ bá dá fún un, kó máa ṣe é lálaalẹ́:

`find /srv/.recycle -type f -ctime +14 -delete`

Ẹ kíyè sí i pé `-ctime` ni mo kọ, kì í ṣe `-mtime`. Fídíò tí wọ́n yà lọ́dún tó kọjá, tí ẹnì kan wá ṣèèṣì pa rẹ́ lánàá, mtime rẹ̀ (ìgbà tí ohun inú rẹ̀ yí padà kẹ́yìn) lè ṣì jẹ́ tọdún tó kọjá. Bí ẹ bá fi mtime ṣe é, alẹ́ ọjọ́ náà ni cron máa gbé e lọ, ẹni tó ṣèèṣì ò sì ní ráyè kígbe. Ctime ni yóò yí padà nígbà tí Samba bá gbé fáìlì náà sínú `.recycle`.

Ọ̀rọ̀ ìpín ló kàn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yín wà. Bí ẹ bá wá quota (ààlà sí ààyè tí a lè lò) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó ti pẹ́ láyé: Robert Elz ní Yunifásítì Melbourne, ní Ọsirélíà, ló kọ ọ́, ó sì wọ inú 4.2BSD, irú Unix kan, lọ́dún 1983. Ó bá yunifásítì mu, torí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe sì jẹ́ tirẹ̀. Kò bá tiyín mu. Orúkọ kan ni gbogbo yín fi ń wọlé, nítorí náà lójú Linux, ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo fáìlì yẹn. Ẹ lè yí ìyẹn padà, ó sì yẹ kí ẹ yí i padà kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ẹ tiẹ̀ yí i padà, bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó kò tẹ̀lé èèyàn. Àwọn tó ń ṣe fiimu-A kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Fiimu-A ló tóbi. Bí ẹ bá pín ààyè lọ́gbọọgba fáwọn márààrún, ti ẹni tó ń ṣe ìpolówó á ṣófo sílẹ̀, ẹni tó ń ṣe fíìmù á sì máa wá ibi tí yóò fi fáìlì rẹ̀ pamọ́ sí lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Mo ti rí i lójú ara mi, ó sì máa ń ba àárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Ìgbà tí àwa fi ìpín sára ìwádìí kọ̀ọ̀kan, tí a kọ orúkọ ẹni tí yóò máa dáhùn fún un sí i, ni ara tó tu gbogbo èèyàn.

Project quota ni wọ́n ń pe irú èyí. Ext4 ní in láti kernel (ọkàn Linux) 4.5, tó jáde lọ́dún 2016; XFS, ọ̀nà ìtò fáìlì míì, ti ní in ṣáájú. Fódà ló ń wọ̀n, ẹni yòówù kó ni fáìlì inú rẹ̀. Ẹ ní láti yọ `/srv` kúrò lórí ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe é lálẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ sílé, kí iná UPS sì kún, torí èèyàn ò mọ ìgbà tí NEPA máa mú iná lọ:

```
sudo apt install quota
sudo umount /srv
sudo e2fsck -f /dev/md0
sudo tune2fs -O project -Q prjquota /dev/md0
sudo mount -o prjquota /dev/md0 /srv
sudo chattr -R -p 101 /srv/ise/fiimu-A
sudo find /srv/ise/fiimu-A -type d -exec chattr +P {} +
sudo setquota -P 101 8T 8500G 0 0 /srv
```

Ẹ fi `prjquota` sínú `/etc/fstab` náà. 101 jẹ́ nọ́ḿbà tí èmi kàn mú. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní tirẹ̀. `+P` ló ń jẹ́ kí fáìlì tuntun tó bá wọ fódà yẹn máa gba nọ́ḿbà náà fúnra rẹ̀.

8T ni ààlà rírọ̀, 8500G ni ààlà líle. Wọ́n lè kọjá 8T, ẹ̀rọ á fún wọn ní ọjọ́ 7 láti padà sẹ́yìn. Bí ọjọ́ 7 bá pé tí wọn ò padà, kò ní gba nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ wọn títí wọ́n á fi yọ nǹkan kúrò. Bí wọ́n bá sì kan 8500G, ibẹ̀ ló parí sí lójú ẹsẹ̀. Ààyè àárín méjèèjì yẹn ni yóò gba irú render ọjọ́ Ẹtì yín là, tí ẹ bá ń ṣọ́ ọ. Òdo méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti iye fáìlì. Òdo túmọ̀ sí pé ẹ ò fi ààlà sí ìyẹn.

Èmi ìbá fún ipolowo ní 1.5T, fiimu-B ní 3T, fiimu-A ní 8T, cache (fáìlì ìgbà díẹ̀ tí ètò ẹ́díìtì ń ṣe fúnra rẹ̀) ní 1T péré. Ohun tí ẹ̀rọ lè tún ṣe fúnra rẹ̀ kò yẹ kó máa gba ààyè mọ́ ohun tí kámẹ́rà ò lè tún yà. Bí SSD bá wà lára kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí cache wà. Ti `pari`, ẹ dà á sórí dísíìkì ìta méjì, kí ọ̀kan kúrò nínú ọgbà yẹn, kí ẹ fi `sha256sum` yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pé kí ẹ tó pa ti orí sáfà rẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rò pé RAID 5 á gbà yín: dísíìkì kan ló lè pàdánù. Bí ìkejì bá kú kó tó parí àtúnṣe, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn, bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, orí gbogbo dísíìkì náà ló ti ń pa á rẹ́.

Ẹ sọ èyí fáwọn ará ilé ṣáájú: láti ìgbà yẹn lọ, bí wọ́n bá gbé fáìlì láti fódà iṣẹ́ kan sí òmíì, kò ní jẹ́ wéré mọ́. Nọ́ḿbà méjèèjì yàtọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ á dà á kọ látòkèdélẹ̀ kó tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. 300 GB á gba àkókò. Quota kì í sì í mú root, ẹ rí i pé `force user = root` kò sí nínú `smb.conf` yín.

Ti fídíò tó ń dúró, dísíìkì kọ́ ni màá kọ́kọ́ fura sí. Okùn kan ṣoṣo ló jáde lára sáfà, 1 gigabit, nǹkan bíi 110 MB lẹ lè rí gbà lórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. ProRes 422 HQ ní 3840×2160, 25 fps, ń jẹ 737 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn nǹkan bíi 92 MB. Ẹnì kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán! Àwọn méjì tó ń ṣe fiimu-A ò lè jọ wò ó pọ̀ láé, ká má tíì sọ ẹni tó ń kó káàdì. Dísíìkì tuntun mẹ́wàá ò ní yí ìyẹn padà. Ẹ ṣe proxy, ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tí ẹ ó máa gé dípò ti gidi: ProRes 422 Proxy ní 1920×1080, 25 fps, jẹ́ 38 megabit péré. Ẹ̀yin márààrún á jọ gé e, kò ní ju 190 megabit lọ. Wákàtí kan HQ tó 332 GB. Wákàtí kan proxy kò ju 17 GB lọ.

Káàdì kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ ki í bọ ara sáfà fúnra rẹ̀ kó má gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, kí ẹ fi `rsync -a --bwlimit=40M` dà á. Àwọn kan á ní kí ẹ lo `ionice`, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ètò kan dúró fáwọn tó kù lórí dísíìkì. Kò lè fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí RAM ni ohun tí ẹ ń kọ kọ́kọ́ ń wọ̀, kernel ló ń kọ ọ́ sórí dísíìkì tó bá yá.

Ará Manchester

Màmá, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ZFS, ọ̀nà ìtò fáìlì míì, kún un. Níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ dataset (bí àpótí) tirẹ̀, `quota` á sọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, `reservation` á sì ya ààyè tí ẹlòmíì ò lè fọwọ́ kàn sọ́tọ̀ fún un. Ext4 kò ní ìkejì yẹn. Àti pé òótọ́ ni ti ẹni tí yóò máa dáhùn. Nígbà tí Google fòpin sí ààyè àìlópin fáwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 2022, tí wọ́n ní 100 TB ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á jọ máa pín, iṣẹ́ tó le jù níbi tí mo wà ni wíwá ẹni tó ni fódà kọ̀ọ̀kan. Àwọn míì ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tipẹ́.

Màmá Sáfà, Ifẹ̀

Òótọ́ lẹ sọ nípa reservation, bí wọ́n bá máa kọ́ sáfà míì, ZFS ni kí wọ́n lò. Ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ ext4 yìí di ZFS láìkọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde, wọn ò sì ní ibi tí wọ́n máa kó o sí. Ẹni tó bá sì lọ sórí ZFS gbọ́dọ̀ mọ̀ pé snapshot, àwòrán bí fáìlì ṣe wà ní àkókò kan, ń di ohun tí a ti pa rẹ́ mú. Irú ìdààmú `.recycle` yìí náà ni. `zfs list -o space` á fi hàn yín lábẹ́ USEDSNAP.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin àgbà. A ti ṣe é. `repquota -P -s /srv` ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, mo sì rí i pé bí mo bá ṣe `df -h /srv/ise/fiimu-A`, 8.0T ló ń pe gbogbo dísíìkì. Proxy fiimu-A ti wà ńlẹ̀, àwọn méjèèjì ń gé e lẹ́ẹ̀kan náà, kò dúró. Ọ̀gá ní kí n fi owó dísíìkì ra dísíìkì ìta méjì tí Màmá sọ.

Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ kan ti kọjá ààlà rírọ̀, kí ọjọ́ 7 tó pé?

Màmá Sáfà, Ifẹ̀

Inú mi dùn gan-an. Ẹ wo àmì tó tẹ̀ lé orúkọ iṣẹ́ nínú `repquota`: `--` ni pé ara rẹ̀ yá, `+-` ni pé ó ti kọjá ààlà, ọjọ́ tó kù á sì wà lábẹ́ grace. Ẹ jẹ́ kí cron máa fi àwọn ìlà tó ní `+-` ránṣẹ́ sí ímeèlì yín láràárọ̀, kí ẹ sì fi ìlà náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dáhùn fún iṣẹ́ yẹn nìkan, kì í ṣe sí gbogbo ilé.